Hubert Ògúndé: Òṣèré tí ìjọba Ìbàdàn fi òfin dè nítorí eré

Bí wọ́n bá dárúkọ Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, sinimá Aiyé àti Jáyésinmi ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ yóò tún rántí orin Yorùbá Ronú, nítorí pé bí àsìkò ìbò bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n máa ń lù ú lórí rédíò nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ wàhálà tí eré tó bí orin náà dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 kò pọ̀ láyé mọ́. Ọdún náà ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba tí ọmọ Yorùbá ń darí, kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé kò bófin mu, àti pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi tí àṣẹ ìjọba náà dé. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ kò ju pé ó fi eré sín olórí ìjọba jẹ lọ.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Òsósà, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ babaláwo ni baba tó bí ìyá rẹ̀. Orin ìjọ ń dún ní etí rẹ̀ kan, ẹsẹ Ifá ń dún ní èkejì. Àárín méjèèjì yìí ló ti dàgbà, àmọ́ ohun tó wù ú jù nígbà ọmọdé ni eégún alárè, tí àwọn ibòmíràn ń pè ní alárìnjó tàbí apidán. Ó máa ń tẹ̀lé wọn kiri.

Ẹni tó bá wo eégún alárè dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe idán nìkan ni wọ́n ń pa. Wọn a gbé egúngún òyìnbó jáde, tòun ti imú gígùn, kí gbogbo ọjà fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a gbé egúngún ọlọ́pàá jáde pẹ̀lú. Bákan náà ni lálẹ́ èfẹ̀ láàárín àwọn Kétu àti àwọn Yewa tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ẹni tó bá hùwà tí kò tọ́ nílùú, ìbáà jẹ́ ìjòyè, yóò gbọ́ ti ara rẹ̀ lẹ́nu eléfẹ̀. N'Íbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn kò mọ olówó, kò mọ olóyè. Ohun tó bá wu àwọn ọ̀dọ́ ni wọn a fi kọrin bú ẹni tó bá wù wọ́n, ẹni tí wọ́n bú yóò sì rẹ́rìn-ín, nítorí bó bá bínú, ó di ẹni ẹ̀sín lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbà tó ní ọba kì í mú òkorin kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Òfin ni lójú wọn. A mẹ́nu kan gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí Ògúndé ṣe lọ́dún 1964 kì í ṣe àṣà tó yá lọ́wọ́ òyìnbó.

Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe. Lọ́dún 1941, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, nígbà tó sì yá, wọ́n gbé e lọ sí Èbúté-Mẹ́ta l'Ékòó. Níbẹ̀ ló ti dara pọ̀ mọ́ Ìjọ Olúwa ti àwọn Aládùúrà, ìjọ tí ìlù àti ijó kì í ṣe èèwọ̀ nínú ìsìn wọn. Ìjọ náà fẹ́ kówó jọ láti kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n sì ní kí ọlọ́pàá tó mọ orin í kọ yìí bá wọn ṣe eré kan. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn Glover, ìtàn ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ó sì dùn mọ́ àwọn èèyàn débi pé Ògúndé bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá èèyàn lè fi eré nìkan jẹun. Ní 1945, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tó fi eré orí ìtàgé nìkan ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Nàìjíríà irú bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe ti ìjọba. Obìnrin ni kò rí. Lójú àwọn òbí ayé ìgbà náà, ọmọbìnrin tó bá ń jó lórí ìtàgé ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 1946, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn ọmọbìnrin tí yóò ṣeré, kò rí ẹnì kankan. Ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Ìgbà yìí ni wọ́n tó wá, tó sì wá rọra ṣàlàyé iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ fún wọn. Nígbà tí àwọn òbí tún yarí, ó fẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà níyàwó, bó sì ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ìyàwó fi pọ̀ nílé. Èèyàn lè rò ó bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé kì í ṣe iléeṣẹ́ tí èèyàn lè tì pa kí òṣìṣẹ́ wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ìdílé ni. Ọkọ, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ, orí ìtàgé kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun.

Ìgbà tí Ògúndé kúrò lórí ìtàn Bíbélì ni ojú ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gùnlé ìyanṣẹ́lódì ńlá tí Michael Imoudu ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè jẹ́ aṣáájú rẹ̀, nítorí pé ogun àgbáyé kejì ti sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù wọn sì wà lójú kan. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ọdún náà tó parí, Ògúndé ti gbé e sórí ìtàgé, ó pè é ní Strike and Hunger, ìyanṣẹ́lódì àti ebi. Lọ́dún náà kan náà ló ṣe Worse Than Crime, níbi tó ti fi ìjọba amúnisìn wé òwò ẹrú. Àwọn ọlọ́pàá mú un l'Ékòó nítorí ìyẹn. Nígbà tó gbé Strike and Hunger dé Jos ní 1946, wọ́n dá eré náà dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Aṣọ tí òun náà wọ̀ rí ni àwọn tó wá mú un wọ̀.

Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní Iva Valley, l'Énugu. Èèyàn 21 kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ògúndé ṣe Bread and Bullet, búrẹ́dì àti ọta ìbọn, wọ́n sì fi òfin de eré náà ní Kano.

Ẹ wo ọgbọ́n tó ń lò nínú àwọn eré wọ̀nyí. Ọba kan, ìlú kan, ẹrú kan, ìwọ̀fà kan ni yóò fi ṣe ìtàn, àwọn òǹwòran yóò sì fúnra wọn fi orúkọ sí i. Ẹni tó bá jókòó nínú gbọ̀ngàn mọ ẹni tí ọba burúkú náà jẹ́, ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n. Ìjọba ló wà nínú ìṣòro, nítorí pé aláṣẹ tó bá jáde wá ní òun ni wọ́n ń sín jẹ ti jẹ́wọ́ pé ìwà tó wà nínú eré jọ ìwà òun.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ìjọba àpapọ̀ ní kí Ògúndé ṣe eré fún ayẹyẹ náà. Song of Unity ló pe eré náà, orin ìṣọ̀kan. Ìgbà náà ló dà bí ẹni pé ìjà òun àti ìjọba ti parí, pé ọmọ onílé ló gba ilé, kò sì sí ìdí tí òṣèré yóò tún fi máa fi ọba burúkú ṣe ìtàn.

Kò pé ọdún méjì tí ilé fi dàrú. Ẹ ó rántí ìjà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjà náà le débi pé lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, àga ni àwọn aṣòfin fi ń ja ara wọn nílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alámòójútó fún oṣù mẹ́fà, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí ìbò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé ẹjọ́ ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ilé kan náà, ọmọ ìyá méjì kì í kí ara wọn mọ́.

Inú ipò yìí ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin sílẹ̀, wọ́n ní láti mú Yorùbá ṣọ̀kan. Àwọn alágbára inú ìjọba Akíntọ́lá wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí Ògúndé wá ṣeré fún wọn. Ó gbà, ó sì lọ kọ eré Yorùbá Ronú.

Ìtàn inú eré náà kò le. Ọba kan wà tó fẹ́ràn àwọn èèyàn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọ̀tá, ó sì fa olúwa rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Igbákejì gorí ìtẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ni ìlú lára, títí àwọn èèyàn fi dìde sí i. Kò sí orúkọ Awólọ́wọ̀ níbẹ̀, kò sí orúkọ Akíntọ́lá, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọdé kan n'Íbàdàn tí wọn yóò ṣàlàyé fún kó tó yé e.

Èmi kò ní purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé eré tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan ni. Apá kan ìtàn náà ni Ògúndé sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá nígbà náà ní àlàyé tiwọn: wọ́n ní ọkùnrin náà fẹ́ kí Yorùbá padà sínú ìjọba àpapọ̀ ni, kí wọ́n má jìyà lóde. Ẹni tó bá fẹ́ràn Akíntọ́lá lè wo Yorùbá Ronú kó sì bínú dọ́ba, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣé torí pé eré gbè sẹ́yìn ẹnì kan ni ìjọba fi máa lo agbára lé e lórí?

Ìjọba ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé ti di ẹgbẹ́ tí kò bófin mu ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ṣe pàtàkì. Wọn kò pè é lẹ́jọ́ pé ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Bí wọ́n bá pè é, wọn yóò kọ́kọ́ jókòó níwájú adájọ́ láti fi hàn pé àwọn ni igbákejì ọ̀dàlẹ̀ inú eré. Wọn kò sì dá eré kan dúró nìkan. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n dè, bí ìgbà tí wọ́n bá de ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú, tó fi jẹ́ pé eré Bíbélì tàbí eré ìfẹ́ tí ẹgbẹ́ náà bá ṣe ti di ọ̀ràn. Ìjọba òyìnbó tó lágbára jù wọ́n lọ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òyìnbó a lé e ní Jos, yóò ṣeré ní ìlú mìíràn. Òyìnbó a de eré kan ní Kano, yóò gbé òmíràn jáde. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ní 1963 sọ pé ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀ àti láti sọ ọ́ jáde, àmọ́ ó tún fi àyè sílẹ̀ fún òfin tí ìjọba bá ṣe nítorí àlàáfíà ìlú. Àyè yẹn ni wọ́n máa ń gbà wọlé, nígbà náà àti lónìí.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò mọ iyì ọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn ni. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service nígbà ayé òyìnbó, nígbà tí olóòtú tó bá kọ ohun tí kò tẹ́ ìjọba lọ́rùn lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́. Nínú gbogbo olóṣèlú ilẹ̀ Yorùbá, bóyá ni ẹnì kan tún wà tó mọ òwe àti ẹ̀fẹ̀ bí i tirẹ̀. Bó bá dé ibi ìpolongo, yóò fi ẹnu sọ alátakò di ẹlẹ́yà, àwọn èèyàn yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí tí omijé yóò fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó mọ èèyàn í sín jẹ tó bẹ́ẹ̀ ni kò lè fara da kí wọ́n sín òun jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Oǹdó, Àkúrẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ìlú tí èdè Ògúndé ti yé àwọn èèyàn jù lọ ló tì pa mọ́ ọn lọ́wọ́ kan. Òsósà tí wọ́n bí i sí gan-an wà lábẹ́ òfin náà. Ohun tó kù fún un ni Èkó, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àwọn ẹkùn yòókù. Ẹ tún rántí iye ẹnu tó ń dúró de oúnjẹ nílé rẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn mìíràn, yóò wá àwọn àgbà dání lọ bẹ ìjọba, yóò sì kọ eré tí wọn yóò fi dárí jì í. Kí ni Ògúndé ṣe? Ó kọ Òtítọ́ Korò, ó sì gbé e jáde ní 1965, lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn kan náà tó kó o sí wàhálà.

Oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìbò tí àwọn èèyàn gbà pé Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Akíntọ́lá yí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ títí dòní: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sára èèyàn, wọ́n ń dáná sun wọ́n. Eré kọ́ ló dá iná yẹn. Òṣèré tí ìjọba ní ó lè da ìlú rú kò sí nílé, wọ́n ti lé e jáde láti ọdún tó kọjá, ìlú sì dàrú láìsí i níbẹ̀. Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì pẹ́ tí ìjọba rẹ̀ fi ká òfin náà kúrò lórí Ògúndé. Ìjọba tí ìbọn gbé wọlé ló dá ohùn padà fún òṣèré tí ìjọba òṣèlú pa lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa ní òfin tí òyìnbó fi ń mú àwọn olóòtú l'Ékòó láti 1909, wọ́n kọ́ wa ní àwọn òfin tí ológun fi ti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pa. Kò sí ẹni tó dárúkọ Ògúndé fún wa. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sún mọ́ tòde òní jù. Ọmọ tó bá fi fóònù ṣe ohùn gómìnà rẹ̀ lónìí, tó wọ agbádá bí i tirẹ̀ tó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ayé rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ alárìnjó ló ń ṣe. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣe ní 2015, ní abala kan, ìkẹrìnlélógún, tí ọlọ́pàá fi ń mú àwọn tó kọ ohun tó bí aláṣẹ nínú. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024.

Ògúndé kò fi ìbínú lo ìyókù ayé rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ó ṣe eré lórí pé kí Nàìjíríà má fọ́. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976, ó ṣe eré lórí ìyẹn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá kọjú sí sinimá: Aiyé ní 1979, Jáyésinmi ní 1980, Àròpin n Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Ìjọba àpapọ̀ tún pè é ní 1986 pé kó wá kó ẹgbẹ́ òṣèré ti orílẹ̀-èdè jọ, ó sì gbà, àgbà ti dé sí i nígbà náà. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni ipa tó kó nínú sinimá Mister Johnson, tí àwọn òyìnbó wá yà ní Nàìjíríà.

Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990 ló kú sí ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òsósà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, sí ìlú tí òfin ọdún 1964 kò jẹ́ kó lè ṣeré fún fún nǹkan bí ọdún méjì. Ilé rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kó aṣọ eré, àwọn ohun èlò àti àwòrán ẹgbẹ́ náà sí.